Etí Lọmọ Awo Kọ́kọ́ Fi Ń Kọ́ Ifá: Ẹ̀kọ́ Lórí Ìró, Ohùn àti Ẹsẹ Ifá



Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹsẹ Ifá la máa ń gbé kalẹ̀ níbí, a ó tú u wò ní ìlà-ìlà, a ó wo ohun tó ń kọ́ wa. Tòní yàtọ̀. Mi ò ní kọ ẹsẹ kankan sílẹ̀. Ohun tó ṣáájú ẹsẹ ni mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò, ìyẹn ìró: ohun tí etí wa ń gbọ́ láti àárọ̀ dalẹ́, tí a kì í kà sí nǹkan kan. Ẹni tí kò bá tíì mọ bí a ṣe ń gbọ́, bó há igba ẹsẹ sórí, orí ahọ́n lásán ni wọ́n máa wà.

Ṣé ẹ mọ̀ pé ohùn kan ṣoṣo tí ẹnu gbé sókè níbi tó yẹ kó sọ ọ́ kalẹ̀ lè sọ ìwúre di èpè? Èmi mọ̀, torí pé mo ti ṣe é rí. N ó ròyìn ẹ̀ fún yín. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Kí ọwọ́ tó kan ọ̀pẹ̀lẹ̀

Olúpọ̀nnà ni mo ti kọ́ṣẹ́ awo. Ẹni tí kò bá mọ ibẹ̀, kò jìnnà sí Ìwó, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ayédire tí ojúkò rẹ̀ wà ní Ilé-Ogbó, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Nígbà tí wọ́n mú mi lọ bá Olúwo mi, mo rò pé lọ́jọ́ náà gan-an ni wọn á gbé ọ̀pẹ̀lẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Rárá o. Fún odindi oṣù mẹ́ta, iṣẹ́ kan ṣoṣo ni Bàbá ń fún mi ní ìdájí: kí n jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí n dijú, kí n máa ka gbogbo ohun tí mo bá gbọ́. Bí ilẹ̀ bá mọ́, wọn á pè mí.

"Kí lo gbọ́?"

"Àkùkọ, Bàbá."

"Àkùkọ ta ni?"

Mi ò mọ̀.

"Kí lo tún gbọ́?"

"Wọ́n ń gbálẹ̀."

"Ìgbálẹ̀ tuntun ni àbí èyí tó ti gbó? Ẹni tó ń gbálẹ̀ ńkọ́, ara ẹ̀ yá àbí kò yá?"

Mi ò tún mọ̀. Inú ń bí mi. Mo rò pé Bàbá ń fi ìyà jẹ mí ni, pé wọn ò fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, etí mi bẹ̀rẹ̀ sí í là. Mo mọ ìró odó ilé kan yàtọ̀ sí ti òmíràn. Mo mọ ọ̀kadà tó ń gbé èèyàn méjì àti èyí tó ń gbé èèyàn kan. Mo mọ̀ pé lẹ́yìn ìpè asùbáà láti mọ́ṣáláṣí, ìró gbálẹ̀gbálẹ̀ ló kàn, lẹ́yìn ẹ̀ ìró korobá létí kànga, kí ẹ̀rọ alọta tó bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Kò sí aago lára ògiri Bàbá, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń bi ara ẹ̀ nínú ilé yẹn pé aago mélòó ló lù.

Nínú oṣù kejì, mo sọ fún Bàbá láàárọ̀ ọjọ́ kan pé ìyàwó ilé kejì gbálẹ̀, àmọ́ ó ń gbá a, ó ń dúró, ó tún ń bẹ̀rẹ̀. Bàbá rán ọmọ kan kó lọ wò ó. Ibà ló ti ń ṣe obìnrin náà láti òru, kò sì sọ fẹ́nì kankan. Wọ́n tọ́jú ẹ̀. Bàbá wá wò mí, wọ́n ní: "Ṣé o ti rí i? O ti ṣe iṣẹ́ awo, ọ̀pẹ̀lẹ̀ ò sì tíì kan ọwọ́ ẹ."

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn. Ìró kì í wá lásán. Ó ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó ń sọ ẹni tó ṣe é, ó tún ń sọ bí ara ẹni náà ṣe wà. Èdè wa pàápàá mọ̀ bẹ́ẹ̀. Yorùbá kì í sọ pé nǹkan ṣubú kó dúró síbẹ̀. Ó ṣubú gbì, àbí ilẹ̀kùn pa dé gbàgà. Òjò wẹliwẹli yàtọ̀ sí òjò wàràwàrà. Ẹni tó ń bọ̀ gìrìgìrì, ẹ ti mọ̀ pé ọ̀ràn ń bẹ kó tó lanu. Ẹni tó ń rìn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ó ní ohun tó ń fi pa mọ́. Àwọn baba wa gbọ́ ayé kí wọ́n tó sọ ọ́ lọ́rọ̀, wọ́n wá fi ìró náà sílẹ̀ sínú ọ̀rọ̀ fún wa.

Ìró inú ohun èlò Ifá

Bí ẹ bá wo ohun èlò wa dáadáa, ẹ ó rí i pé etí ni wọ́n ṣe é fún tó bí wọ́n ṣe ṣe é fún ojú. Kí awo tó dá Ifá, ìrọ́kẹ́ ló máa fi kan ọpọ́n, kọ́, kọ́, kọ́. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń pe Ọ̀rúnmìlà, ó ń pe àwọn àgbà tó ti lọ, ó sì ń sọ fún gbogbo ẹni tó wà nínú yàrá pé kí wọ́n fọkàn bálẹ̀. Àwọn agbẹ́gilére kan máa ń gbẹ́ abẹ́ ọpọ́n kó ní ihò, kí ó lè dún dáadáa tí ìrọ́kẹ́ bá kàn án. Ẹni tó rí ọpọ́n nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé lẹ́yìn gíláàsì, ojú lásán ló fi rí i. Kò tíì gbọ́ ọ.

Ẹ wo ikin náà. Mẹ́rìndínlógún ni. A ó kó o sí àtẹ́lẹwọ́ kan, a ó fi ọwọ́ kejì gbá a. Bó bá ku ẹyọ kan, a ó tẹ ojú méjì sínú ìyẹ̀rọ̀sùn. Bó bá ku méjì, a ó tẹ ojú kan. Ẹ̀ẹ̀mẹjọ la ó ṣe bẹ́ẹ̀ kí odù kan tó yọ nínú 256: ojú odù 16, àmúlù 240. Ẹni tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ máa ń mọ̀ láti inú ìró ikin pé ọwọ́ gbá a dáadáa tàbí pé ọwọ́ yẹ̀. Bàbá máa ń kọ ẹ̀yìn sí mi tí mo bá ń gbá ikin, wọn á kàn ní, "Tún un gbá." Wọn ò wo ọwọ́ mi. Ìró ikin ni wọ́n ń gbọ́.

Ìró inú ẹsẹ

Ẹ jẹ́ ká wọ inú ẹsẹ wàyí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá, tó gba ohùn àwọn àgbà awo sílẹ̀ tó sì tẹ Sixteen Great Poems of Ifá jáde ní 1975, ti fi hàn pé ẹsẹ Ifá lè ní apá mẹ́jọ: orúkọ awo tó dá Ifá, ẹni tí wọ́n dá a fún, ìdí tó fi dá Ifá, ẹbọ tí wọ́n ní kó rú, bóyá ó rú u tàbí kò rú u, ohun tó gbẹ̀yìn ẹ̀, ayọ̀ tàbí àbámọ̀, àti ẹ̀kọ́ tó wà ńbẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ẹsẹ ló ní mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣàkíyèsí ni bí ìró ṣe ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Apá àkọ́kọ́, orúkọ àwọn awo, máa ń yà àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu. Àwọn orúkọ míì dún bíi nǹkan tó ń já bọ́, àwọn míì bí igi tó ń kan ara wọn nínú atẹ́gùn. Ẹ máa ń bi mí pé kí ni ìtumọ̀ wọn. Nígbà míì ìró náà ni ìtumọ̀. Ó ń ṣí etí yín sílẹ̀ kí ìtàn tó wọlé.

Lápá ti ẹbọ àti ìwúre, ìró ni okùn tó so nǹkan pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀. Kí ló dé tó fi jẹ́ obì la fi ń bi ikú sẹ́yìn? Torí pé bì wà nínú obì. Kí ló dé tó fi jẹ́ orógbó la fi ń tọrọ ẹ̀mí gígùn? Torí pé gbó wà nínú orógbó. A fi iyọ̀ wúre kí ẹni náà lè máa yọ̀. A já ewé ìyeyè kí aláìsàn lè yè. A lo àlùpàyídà nígbà tí a bá fẹ́ kí ọ̀ràn yí padà. Pierre Verger, ọmọ ilẹ̀ Faransé tó di babaláwo tí wọ́n ń pè ní Fátúmbí, kó irú ewé báyìí jọ lọ́pọ̀lọpọ̀ sínú ìwé rẹ̀ Ewé tó jáde ní 1995, ó sì tẹnu mọ́ ọn pé ìró tó wà nínú orúkọ ewé àti ìró tó wà nínú ọ̀rọ̀ ìṣe inú ọfọ̀ jọ máa ń bá ara wọn lọ.

Ẹ wò ó dáadáa o. Kì í ṣe lẹ́tà nìkan ló gbọ́dọ̀ bára mu. Ohùn náà gbọ́dọ̀ bára mu. Bì inú obì wà nísàlẹ̀. Bí ẹ bá ní obì á bi ikú sẹ́yìn, ẹ ti lé ikú lọ. Bí ẹ bá gbé ohùn yẹn sókè, tó di pé obì á bí ikú, ẹ ti ní kí obì fi ikú bímọ. Lẹ́tà méjì kan náà ni, b àti i. Ohùn ló yà wọ́n.

Àṣìṣe tèmi

Ó ti tó ọdún mélòó kan. Mo ti ń dá Ifá fáwọn èèyàn nígbà náà, àmọ́ ọ̀dọ̀ Bàbá ni mo ṣì wà. Níbi ìpàdé awo kan, àwọn àgbà sun ìyẹ̀rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Mo tan fóònù mi, mo gba ohùn wọn sílẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ ń ké lẹ́yìn ilé, mi ò bìkítà. Ìwúre kan wà ní ìparí ẹsẹ kan tó wọ̀ mí lára. Mo ń gbọ́ ọ lórí fóònù lójoojúmọ́ títí mo fi há a.

Ilé á tù yín ni àwọn àgbà wí. Ilé á tú yín ni mo há.

Ẹ ó ní ṣé n ò gbọ́ Yorùbá ni. Mo gbọ́ o. Àmọ́ ẹni tó bá ń há nǹkan sórí kì í ro ìtumọ̀ ẹ̀ mọ́, bó ṣe wọ etí ló ṣe ń jáde lẹ́nu. Ìró jẹnẹrétọ̀ wúwo, ìsàlẹ̀ ló ń gbé, ó ti bo ohùn ìsàlẹ̀ mọ́lẹ̀. Sípíkà fóònù kékeré náà kì í gbé ohùn ìsàlẹ̀ dáadáa. Tú kan sì wà nínú ìlà tó ṣáájú, ti ká tú ohun tí wọ́n dì. Etí mi fi ìkejì jọ àkọ́kọ́, ó bá tirẹ̀ lọ.

Oṣù mẹ́jọ ni mo fi ń wúre bẹ́ẹ̀ fún èèyàn.

Lọ́jọ́ kan, tọkọtaya kan wá. Ìjà ti wọ ilé wọn. Ìyàwó ti kó ẹrù lọ sílé ìyá ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. A dá Ifá, ire ló fọ̀, wọ́n ní kí wọ́n rúbọ, wọ́n rú u. Mo bẹ̀rẹ̀ ìwúre. Mo dé ibi tí mò ń wí yìí, mo wí i lẹ́ẹ̀mẹta bí a ṣe ń ṣe, ohùn mi sì dùn. Àwọn ọmọ awo méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń dáhùn: "Àṣẹ! Àṣẹ! Àṣẹ!"

Bàbá wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Etí wọn ti wúwo nígbà yẹn. Bẹ́ ẹ bá kí wọn láti ẹ̀yìn, wọn ò ní dáhùn. Bẹ́ ẹ bá ní ẹ fẹ́ lọ ra ẹ̀fọ́, wọn á ní, "Ẹ̀kọ́ wo?" Gbogbo wa ti gbà pé Bàbá ò gbọ́ràn mọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, wọ́n fi ọ̀pá gbá ilẹ̀, gbà!

"Dákẹ́! Gbé e padà! Ilé ta ló máa tú?"

Yàrá pa lọ́lọ́. Àwọn ọmọ awo ń wo ilẹ̀. Ọkọ fẹ́ fi ṣe ẹ̀rín, ó ní àṣìṣe ẹnu ni, Bàbá ẹ má bínú. Ìyàwó ò rẹ́rìn-ín. Ó ní: "Mo gbọ́ ọ láti ìgbà àkọ́kọ́, Bàbá. Mo rò pé ohun tí Ifá wí nìyẹn. Mo ti ń ro ibi tí n ó kó àwọn ọmọ sí."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ yẹn ṣì wà nínú mi dòní. Obìnrin yìí fi owó ẹ̀ rúbọ kí ilé ẹ̀ lè dúró, ó jókòó síwájú mi, ó gbọ́ mi tí mò ń tú u ká, ó sì gbà. Kò bá mi jiyàn. Ta ni yóò bá ẹnu awo jiyàn?

Bàbá ní kí wọ́n bu omi tútù wá. Wọn ò jẹ́ kí n tún ìwúre náà ṣe. Wọ́n ní kí obìnrin náà fi ẹnu ara ẹ̀ wúre sí omi náà, kí èmi máa ṣe àṣẹ. Ó wí i. Ohùn ẹ̀ ń gbọ̀n, àmọ́ ó bọ́ síbi tó yẹ kó bọ́ sí. Mo ṣe àṣẹ.

Lọ́jọ́ kejì mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ilé dé ilé, ọ̀dọ̀ gbogbo àwọn tí mo rántí pé mo ti wúre bẹ́ẹ̀ fún. Àwọn kan ò tiẹ̀ gbọ́ ọ nígbà náà, wọ́n ń fi mí ṣe ẹ̀rín. Ìyá arúgbó kan ní òun gbọ́ ọ, àmọ́ òun ti dá a padà nínú ara òun. Ilé kan wà tí mo dé, tí mo bá tìlẹ̀kùntìlẹ̀kùn. Wọ́n ní ọkọ ti bá tiẹ̀ lọ, ìyàwó ti bá tiẹ̀ lọ. Mi ò ní sọ pé ọ̀rọ̀ mi ló ṣe é. Mi ò sì lè sọ pé kì í ṣe òun.

Báwo ni Bàbá ṣe gbọ́?

Ohun tó ń ya gbogbo wa lẹ́nu nìyẹn. Àwa tí etí wa mú ò gbọ́, ẹni tí a ní kò gbọ́ràn ló gbọ́. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, Bàbá ní kí n jókòó. Wọ́n ní kí n má wí ọ̀rọ̀ kankan, kí n pa ẹnu dé, kí n máa fi imú kùn ún. Mo kùn ún bí mo ṣe há a: re-mí-mí-mí-mí. Bàbá náà wá kùn ún bó ṣe yẹ: re-mí-mí-dò-mí.

"Ṣé o gbọ́? Ibi tó yẹ kó sinmi, o ò jẹ́ kó sinmi."

Mo gbọ́ ọ. Ìtura náà wà nínú ohùn tó sọ̀ kalẹ̀ yẹn kó tó di ọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn náà ni mo tó mọ ohun tí àwọn onímọ̀ etí ti ṣàlàyé. Bí etí bá ń darúgbó, àwọn ìró tó ga ló kọ́kọ́ máa ń sọnù. Àwọn ìró bíi s àti f wà lókè gan-an: èyí tó pọ̀ jù nínú agbára ìró s ń gbọ̀n ju ìgbà 4,000 lọ nínú ìṣẹ́jú àáyá kan. Àmọ́ ohùn ọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀ sábà máa ń gbọ̀n bí ìgbà 100 sí 150, ibẹ̀ sì ni dò, re, mí ti ń jáde. Ìdí nìyẹn tí Bàbá fi ń gbọ́ ẹ̀fọ́ bí ẹ̀kọ́. Ẹ wò wọ́n: ohùn méjèèjì dọ́gba, f àti k nìkan ló yàtọ̀. Kọ́ńsónáǹtì ló ti ń bọ́ lọ lọ́wọ́ Bàbá, ohùn ṣì wà. Àwa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tó dùn, Bàbá ń gbọ́ ohùn nìkan, àṣìṣe mi ò sì ní ibi tó máa sá sí.

Ẹ rántí ìlù dùndún. Kò lè pe f, kò lè pe k. Ohùn ló ní. Síbẹ̀, bí àyàn bá fi ìlù kí baba yín, baba yín á mọ̀ pé òun ni wọ́n ń kì, á kówó lé e lórí. Bí Bàbá ṣe ń gbọ́ wa ní ọjọ́ ogbó wọn nìyẹn.

Ariwo, àti ọ̀rọ̀ tí kò ní àmì

Ìyẹn lorí ohun tí mo fẹ́ bá àwọn ọmọ awo òde òní sọ. Ọ̀tá méjì ló ń bá etí wa jà.

Èkíní ni ariwo. Àwọn onímọ̀ ìlera iṣẹ́ ní dẹ̀sìbẹ̀lì 85 ni ààlà tí etí lè gbà fún wákàtí 8 lójúmọ́. Bó bá fi 3 péré lé sí i, tó di 88, wákàtí 4 ló kù. Irun tín-ín-tìn-ìn tó wà nínú etí, tó ń gba ìró, kì í tún hù lára èèyàn mọ́ bó bá ti kú. Ẹ wá wo bí a ṣe ń gbé: jẹnẹrétọ̀ lójú fèrèsé, sípíkà ńlá níbi ìsìn àti níbi òde, ẹ̀rọ alọta, ìkòkò ohùn nínú etí ọmọdé láti òwúrọ̀ dalẹ́. Gbogbo ìyẹn ń gba etí lọ́wọ́ wa, ó sì ń bo ìró kéékèèké tí ìyàwó ilé kejì fi ń sọ fún wa pé ara òun ò yá.

Èkejì ni ẹsẹ Ifá tí wọ́n ń tẹ̀ kiri láìní àmì ohùn. Ẹ kọ ìwúre tí mo ṣì wí yẹn láìsí àmì: ile a tu yin. Ẹ wá sọ fún mi, ìwúre ni àbí èpè? Ẹni tó gbọ́ Yorùbá á fẹ́ mọ èyí tó tọ́ láti inú ìtumọ̀. Ẹni tó ń há a sórí, pàápàá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tó wà ní òkè òkun, kò sí bó ṣe máa mọ̀. Mi ò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ní Cuba, níbi tí wọ́n kó àwọn baba wa lẹ́rú lọ, ohùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti kúrò nínú Lùkùmí tí wọ́n ń pè, síbẹ̀ wọ́n di Ifá mú, ìlù bàtá wọn sì ń dún dòní. Àwa tí ohùn ṣì wà lẹ́nu wa ni kò yẹ ká sọ ọ́ nù.

Nígbà tí àjọ UNESCO kéde Ifá ní 2005 pé ó wà lára àwọn ohun àjogúnbá tó ga jù lọ fún ọmọ aráyé, ohun àjogúnbá àfẹnusọ ni wọ́n pè é. Àfẹnusọ. Ẹnu ló ń sọ ọ́, etí ló ń gbà á. Bí etí bá kú, kí ló kù?

Odídẹrẹ́ Ìwó

Gbogbo wa la mọ̀ pé wọ́n ń kì Ìwó mọ́ odídẹrẹ́ àti odò Ọbà. Ìkóóde, ìyẹ́ pupa ìrù ẹyẹ yẹn, níyì lọ́dọ̀ awo. Àmọ́ ohun tó wù mí jù lára odídẹrẹ́ ni pé ohun tó bá ń gbọ́ nílé ló ń wí. Ẹ gbé e sílé oníjà, èébú ló máa kọ́. Ẹ gbé e sílé olórin, á máa súfèé. Èèyàn náà rí bẹ́ẹ̀. Steven Feld, ọmọ Amẹ́ríkà kan, lọ gbé láàárín àwọn Kaluli nínú igbó Papua New Guinea, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé tó tẹ̀ ní 1982 pé wọ́n ń gbọ́ ohùn àwọn òkú wọn nínú igbe ẹyẹ, pé ẹkún wọn pàápàá gba orin ẹyẹ kan. Mo ka ìyẹn, mo rántí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Bàbá. Ìró tó yí èèyàn ká ló ń kọ́ ọ bí á ṣe sunkún àti bí á ṣe gbàdúrà. Èmi gbé ìwúre mi sídìí jẹnẹrétọ̀, ó sì kọ́ mi ní ohun tó mọ̀.

Iṣẹ́ àṣetiléwá

Kẹ́ ẹ tó padà wá fún ẹ̀kọ́ tó kàn, ẹ ṣe nǹkan mẹ́ta yìí fún mi.

Àkọ́kọ́, fún ọjọ́ méje, ẹ jí kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ dijú, ẹ ka ìró mẹ́wàá. Ẹ má dúró lórí orúkọ ẹ̀ nìkan. Ẹ bi ara yín bí Bàbá ṣe bi mí: ti ta ni, ara ẹ̀ yá àbí kò yá?

Ìkejì, ẹ mú ẹsẹ kan tẹ́ ẹ ti há. Ẹ pa ẹnu dé, ẹ fi imú kùn ún láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin níwájú àgbà tó mọ̀ ọ́n. Bó bá sọ fún yín pé, "Bẹ́ẹ̀ kọ́," ẹ má bínú. Níbi tí wọ́n bá ti ń sun ìyẹ̀rẹ̀, àwọn tó ń gbè é kì í kàn ń gbè é lásán, wọ́n ń ṣọ́ ọ ni. Àṣìṣe tèmi ni pé mo há tèmi níbi tí kò sẹ́ni tó ń gbè é.

Ìkẹta, ẹ má gba ẹsẹ kankan sórí látinú ìwé tí kò ní àmì ohùn, tàbí látinú fóònù nìkan. Ẹ wá ẹnu kan tó gbà á láti ẹnu. Bó bá jẹ́ ohùn la fẹ́ gbà sílẹ̀, ẹ kọ́kọ́ ní kí wọ́n pa jẹnẹrétọ̀.

Tọkọtaya yẹn ṣì ń kí mi bá a bá pàdé lọ́jà. Nígbà tí mo rí ìyàwó kẹ́yìn, ó ti gbé ọmọ pọ̀n. Ó ní, "Awo, ẹ wúre fún mi." Mo ní kó wí i, kí n máa ṣe àṣẹ. Ó rẹ́rìn-ín, ó wí i, mo sì tẹ́tí sí i dáadáa.

Ifá á jẹ́ kí etí wa là. Ilé á tù wá.